Má Fọwọ́ sí Ìwé Tó Ní Bátìrì Yín Kò Ní Èérí

Ọ̀fà,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Mùnírátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le. Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ nínú aṣọ iṣẹ́ funfun, ẹ̀rín kún ẹnu yín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ sì ti yọ díẹ̀. Ara rẹ le. Etí rẹ ni mi ò mọ̀ bóyá ó le, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ láti ọjọ́ Àìkú tí o kò gbé e. Fóìsì kan ṣoṣo lo fi dá mi lóhùn, kò sì gùn tó kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì: "Màmá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má ṣèyọnu, gbogbo ẹ̀ máa dáa." Ta ló sọ fún ọ pé kò ní dáa? Ìbéèrè ni mo bi ọ́. Ìdáhùn ni mo ń dúró dè.

Nítorí náà mo jókòó, mo mú bírò, mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, tí mo fi ilé ẹ̀kọ́ àgbà kún un, nítorí náà bí o bá rí ibi tí àmì ohùn ti ṣáko, fò ó, ọ̀rọ̀ ni kí o mú. Ohun tí mo fẹ́ràn lára lẹ́tà ni pé o kò lè pa á kí o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Jẹ́ kí n tún ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ, kí o má baà ní mo gbọ́ ọ lódì. Lọ́jọ́ Àìkú, o pè mí tayọ̀tayọ̀ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí apá kan nílé iṣẹ́ bátìrì tí o ń bá ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mo kí ọ, mo ṣàdúà, mo pe Sìdíkátù ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá gbọ́, òun náà pariwo ayọ̀. Lẹ́yìn náà lo wá ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ gbé lé ọ lọ́wọ́ ni pé kí o fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fẹ́ fún àwọn aláṣẹ àti àwọn ará abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, pé bátìrì tí ẹ ń ṣe kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́, kò ba omi jẹ́, kò ba ilẹ̀ jẹ́. Orúkọ rẹ ni yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ ń dùn ṣìnkìn.

Mo bi ọ́ pé, "Ṣé o ti lọ wo ibi tí omi ìdọ̀tí yín ń gbà jáde?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Màmá, bátìrì ọkọ̀ tí ẹ ń tún ṣe láyé àtijọ́ kọ́ nìyí o. Kò sí òjé níbẹ̀, kò sí ásíìdì. Lítíọ́ọ̀mù ni. Iṣẹ́ wa mọ́."

Mo ní, "Mo ní ṣé o ti lọ wò ó?"

O ní, "Ẹ̀ka mìíràn ló ń rí sí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gidi, Màmá."

Ẹ̀yìn ìyẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ gidi. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ gidi nìyí.

Èkíní, má fi ẹnu ara rẹ já ẹnu ara rẹ nírọ́. Ìwọ náà lo jókòó lẹ́yìnkùlé wa nígbà Iléyá, tí a jọ ń gé ẹran, tí o ń ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ṣe bátìrì yìí. O rò pé mi ò gbọ́, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. O ní ẹ máa ń po ìyẹ̀fun dúdú kan bí ẹni po ẹ̀kọ, ẹ ó fi pa ara bébà onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ó sì gbé e gba inú ààrò kan tó gùn ju ilé wa lọ kó lè gbẹ. O ní ìyàrá kan wà tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ ju ti ọyẹ́ lọ, nítorí pé bí omi tó kéré ju ìrì lọ bá kan ohun tí ẹ ń tò níbẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. O ní ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ yẹn kì í dákẹ́ láéláé. Ọjọ́ iṣẹ́, ọjọ́ ọdún, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ sí nínú ìyàrá náà, ó ń jẹ iná lọ.

Sìdí bi ọ́ pé, "Ṣé kì í rẹ̀ ẹ́ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Èmi wá bi ọ́ pé iná wo ló ń gbé e. O ní iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ̀lì méjì tó tóbi bí ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé e, bí ọ̀kan bá sinmi, èkejì á gbà á.

Mùnírátù, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́, dísẹ̀lì tí kì í sinmi, níbo ni èéfín rẹ̀ ń lọ? Ṣé ẹ ń dì í sápò ni? Ọwọ́ wo lo máa wá fi kọ ọ́ síwèé pé ẹ kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́? Ó ń rẹ̀ mí. Ọmọ tó kàwé tó báyìí!

Kí o má rò pé mo kórìíra bátìrì yín. Láti ìgbà tí o ti wá so ínfátà àti ọ̀kan nínú bátìrì yín mọ́ ògiri párlọ̀ wa, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń fi èéfín pa wá ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Mo ń gbádùn rẹ̀, mi ò purọ́. O ní bí a bá lò ó pẹ́, oore rẹ̀ á ju èéfín tí ẹ fi ṣe é lọ. Ìwọ lo kàwé rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí oore ju ibi lọ kò túmọ̀ sí pé ibi kò sí. Ẹni tó gbá ilé rẹ̀ tó da pàǹtí sí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, pàǹtí kàn ṣí kúrò lójú rẹ̀ ni. Èéfín tí kò sí ní Ọ̀fà mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tó sún mọ́ yín ni díẹ̀ nínú rẹ̀ wà.

Èkejì, òkúta tí ẹ fi ń ṣe é. Obìnrin kan wà tí a jọ máa ń ra iṣu lọ́jọ́ ọjà Òjokú, ará apá òkè lọ́hùn-ún ni. Ó ní àwọn kan wá sí abúlé àwọn, wọ́n ń wa òkúta bátìrì. Nígbà tí wọ́n kó tán, wọ́n lọ, wọ́n fi kòtò sílẹ̀ lẹ́nu gbayawu. Òjò rọ̀ kún un. Ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ló kú sínú rẹ̀, oko àgbàdo bàbá wọn sì ti di adágún. Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ṣé o ti béèrè rí ibi tí tiyín ti ń wá? O ní inú páálí ló ń wà nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Iṣu náà, inú àpò ló ń wà nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, síbẹ̀ mo mọ oko tí wọ́n ti wà á.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ. Ẹ̀kẹta yìí ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà, torí mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù kí ohùn mi má yà. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí mo ti ń gbé e kiri.

O mọ̀ pé oníbátìrì ni mí kí n tó bí ọ. O mọ̀ pé mo ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà ìdíkọ̀ rélùwéè, tí àwọn awakọ̀ ń pè mí ní Ìyá Oníbátìrì, tí wọ́n máa ń wá wò mí pé obìnrin wo nìyí tó ń ru bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù léjìká. Ìyẹn ni mo máa ń sọ fún yín, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ìyókù ni mi ò sọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń gbé ní Ìjàgbó. Ọjọ́ tí mo gba òmìnira, ó pè mí sẹ́yìn, ó ní, "Ásíìdì tó ti kú, má dà á sílẹ̀ nítòsí ilé. Gbẹ́ kòtò rẹ̀ jìnnà, kí o da eérú lé e. Òjé, má yọ́ ọ níbi tí ọmọdé wà. Bí o bá ṣíwọ́ iṣẹ́, bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù." Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo dúpẹ́. Ọdún kan ni mo fi ṣe é bó ṣe wí. Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀, kòtò jìnnà, bàbá rẹ, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, wà lójú ọ̀nà Kánò pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, mo sì ní ọmọ lẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ásíìdì sẹ́yìnkùlé ilé tí a háyà. Mo gbé ìkòkò irin kalẹ̀ síbẹ̀, mo ń yọ́ òjé àtijọ́ láti fi tún orí bátìrì rọ. Kò sí ẹni tó rí mi. Kò rùn lọ títí. Ilẹ̀ mu ún, mo ní ó ti tán.

Aládùúgbò wa nígbà náà ni Mọ́mì Tíṣà, opó kan tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. O bá wọn láyé, àwọn ló máa ń fún ọ ní gúgúrú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mú ife omi lọ́wọ́.

"Ìyá Sìdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ omi yìí wò. Omi kànga mi ti kan. Igi gúáfà mi sì ń gbẹ láti ìdí. Mo tọ ipa omi òjò lọ, ẹ̀yìnkùlé yín ló ti ń wá."

Mi ò tọ́ ọ wò. Mo dìde, mo fọwọ́ lé ìbàdí, mo pariwo kí gbogbo awakọ̀ tó wà níbẹ̀ lè gbọ́. Mo ní, "Ṣé torí pé ẹ jẹ́ tíṣà ni ẹlòmíràn ò ṣe gbọ́n mọ́? Iṣẹ́ mi mọ́! Ẹ lọ bá kànga yín jà!"

Wọ́n da omi náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n lọ.

Iṣẹ́ mi mọ́. Ṣé o ti wá mọ ìdí tí mo fi tún ìbéèrè mi bi ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú? O rò pé mo kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu ni. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gbá mi létí.

Sìdí ń rá nígbà náà. Ọmọ tó ń rá, gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ló ti ń ṣeré, nídìí ìkòkò òjé, aṣọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni mo sì fi ń pọ̀n ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Inú ń run ún. Ó ti ń pe "Màá" tẹ́lẹ̀, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni gìrì dé. Ìyá bàbá rẹ se àgbo títí. Ìgbà tó mú un lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ yí, ara rẹ̀ gan pa, mo gbé e bọ́ sí títì, mo ń ké. Bàbá rẹ ò sí nílé. Ta ló sáré jáde láti kíláàsì, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n gbé ọmọ mi lé itan títí a fi dé ọsibítù ní Ìlọrin? Mọ́mì Tíṣà. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, wọn ò dárúkọ kànga lẹ́ẹ̀kan.

Dókítà àgbàlagbà kan ló dá wa lóhùn. Nígbà tí ara ọmọ rọlẹ̀ díẹ̀, ó wo èékánná mi. "Ìyá, kí ni iṣẹ́ yín?"

"Oníbátìrì ni mí, sà."

"Níbo lọmọ yìí máa ń wà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀yìn mi, sà. Tàbí nílẹ̀."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, Mọ́mì Tíṣà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Ẹ̀mí rẹ̀ á là. Ṣùgbọ́n ohun tó ti bà jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, a ò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe."

Mo délé, mo ní gìrì ni. Bàbá rẹ gbà á bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi sin ín. Ìwọ náà gbà á bẹ́ẹ̀ dàgbà. Mo pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo kó wa wá sí ilé tí a wà yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣu, lẹ́yìn ọdún méje ni mo tó bí ọ. Ìwọ àbúrò lo kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀. O máa ń bínú. O ní, "Màmá, kí ló dé tí Sìdí ò lè mọ nǹkan kékeré yìí?" Mo ní bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn.

Ọlọ́hun ò dá a bẹ́ẹ̀. Èmi ni.

Ó di ọwọ́ rẹ báyìí. Sunkún bí o bá fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n parí lẹ́tà yìí, torí mi ò kọ ọ́ kí o lè káàánú mi. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn. Ìwọ ni ará yòókù.

Ó yé mi pé kò sí òjé nínú tiyín, má tún sọ ọ́ fún mi mọ́. Ṣùgbọ́n òjé gan-an kọ́ ló ṣe Sìdí. Ohun tó ṣe é ni pé mo pe ohun tí mi ò wò ní ohun tó mọ́. Ìwọ lo sọ fún mi pé nǹkan olómi tí ẹ fi ń po ìyẹ̀fun dúdú yẹn, àwọn aboyún ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bí aboyún ilé iṣẹ́ yín ò bá gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, aboyún abúlé ńkọ́?

Nítorí náà, bọ́ aṣọ funfun yẹn, wọ bàtà òjò, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn tẹ̀lé gọ́tà yín dé ibi tó parí sí. Má rán ẹnikẹ́ni. Bí o bá débẹ̀ tí o bá ìyá kan tó ń pọnmi, jókòó tì í, bi í bí omi náà ṣe rí lẹ́nu. Bó bá ní kí o tọ́ ọ wò, má ṣe bíi tèmi.

Má fọwọ́ sí ìwé yẹn bó ṣe wà. Kọ ọ̀tọ̀. Kọ iye dísẹ̀lì tí ẹ ń sun lóṣù síbẹ̀. Kọ ibi tí omi ń lọ, kọ iye bátìrì tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ ń kó jù, àti ibi tí ẹ ń kó o jù sí. Kọ ohun tí ẹ máa ṣe sí i pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ronú sí i, èmi oníṣu! Òrùlé ilé iṣẹ́ yín nínú fọ́tò yẹn tóbi bíi pápá ìṣeré, mi ò rí sólà kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹ ń ṣe bátìrì tí gbogbo ayé fi ń kó oòrùn pamọ́, dísẹ̀lì lẹ̀yin ń sun! Irú èèyàn wo lẹ̀yin gan-an? Kí ẹ sì máa gba èyí tó bá ti kú padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Èyí tó wà lógiri mi yìí, lọ́jọ́ tó bá kú, ta ni kí n gbé e fún? Mi ò ní jù ú sẹ́yìnkùlé. Mo ti ṣe ìyẹn rí.

Mi ò mọ èkelòó tí a dé mọ́. Máa fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun. Má wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé. Jẹun lówùúrọ̀, bisikíìtì kì í ṣe oúnjẹ. Gbé fóònù rẹ bí mo bá pè.

Bí ọ̀gá rẹ bá bínú, jẹ́ kó bínú. Fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, "sà" ò wọ́n ẹ, ṣùgbọ́n má yẹsẹ̀. Mi ò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Dúró síbẹ̀ gan-an, torí bí ẹni tó mọ̀ bá jáde, ẹni tí kò bìkítà ni wọ́n á fi síbẹ̀. Bí wọ́n bá wá lé ọ nítorí òtítọ́, iṣu ṣì ń ta ní Òjokú, yàrá rẹ ṣì wà. Kò sí ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ tó tó èyí tí mo fọwọ́ ara mi gbà lọ́wọ́ ọmọ mi.

Ó ku ohun kan. Mi ò bẹ Mọ́mì Tíṣà títí wọ́n fi kú. Mo gbé iṣu fún wọn lọ́dọọdún, mo ń kí wọn lókèèrè, mo ń wá ọjọ́ tó dáa. Má wá ọjọ́ tó dáa.

Lánàá, kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ní kò tọ́ kí o mọ̀ kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Mo pe Sìdí. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kànga, òjé, dókítà. Mo sọ ọ́ tán, ó ṣì ń ṣa ẹ̀wà.

Ó ní, "Mo ti mọ̀, Màmá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mọ́mì Tíṣà. Ó ti pẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ìwé ò wọ orí mi, wọ́n sì sọ fún mi. Wọ́n ní kí n má bi yín, pé ẹ máa fúnra yín sọ. Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́, kí n sọ fún yín pé àwọn ti dárí jì yín."

Mùnírá, èmi tí mò ń sọ kiri pé ọmọ yìí ò lè pa àṣírí mọ́! Mo bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà dárí jì mí?"

O mọ Sìdí, kì í dáhùn ohun tí kò tíì rò. Ó gbé ẹ̀wà kan sókè, ó wò ó, ó yọ kòkòrò rẹ̀ sọnù.

Ó ní, "Mo ṣì ń rò ó."

Ó ṣì ń rò ó títí di ìsinsìnyí. Mi ò kán an lójú.

Èmi ni,
ìyá rẹ tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ.